Atọ́wò: orúkọ tó yẹ ohun tó ń jẹ́ ká mọ àwọ̀ yà sọ́tọ̀

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi pè mí láti Ìjẹ̀bú-Igbó lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹkún ló fi bẹ̀rẹ̀. "Ọkọ mi, ẹ gbà mí o, wọ́n ní ọmọ mi fọ́jú." Mo ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní àwọn lọ yẹ ojú ọmọ náà wò nílé ìwòsàn kan, ẹni tó ń túmọ̀ fún òun ló sọ pé "afọ́jú àwọ̀" ni. Ọmọ ọdún 11 tó ń gbá bọ́ọ̀lù títí ilẹ̀ fi ń ṣú, tó ń ka lẹ́tà fún ìyá ẹ̀ àgbà, òun ni wọ́n pè ní afọ́jú!

Ohun tó ń ṣe é ò ju èyí lọ. Bí wọ́n bá rán an kó lọ já ata rodo lẹ́yìnkùlé, á já èyí tó pọ́n, á já tútù mọ́ ọn, á kó gbogbo ẹ̀ wá nínú abọ́ kan náà. Mo ti jókòó tì í rí tó ń já a. Ó mú ata méjì sí àtẹ́lẹwọ́, ọ̀kan pọ́n bí iná, ìkejì ṣì tutù bí ewé. Ó yí wọn síwá, ó yí wọn sẹ́yìn, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ wọ́n wò, ó gbé wọn sí imú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú ẹ̀ ríran kedere, ó rí eèrà tó ń rìn lórí ìdí ata náà, ó fẹ́ ẹ dà nù. Àmọ́ àwọ̀ àwọn ata yẹn ò sọ nǹkan kan fún un. Wọ́n ti nà án nítorí ata yìí kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan ojú.

Inú ló bí mi tí mo fi ń kọ èyí. Ọ̀rọ̀ tí a kò rò dáadáa kí a tó fi túmọ̀ ìmọ̀ ló jẹ́ kí abiyamọ sunkún lórí ọmọ tí ojú ẹ̀ mọ́ rekete.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ ni orúkọ àwọn sẹ́ẹ̀lì inú ojú tó ń jẹ́ ká mọ àwọ̀ yà sọ́tọ̀. Nínú ẹyinjú, lápá ẹ̀yìn, lórí awọ fẹ́lẹ́ kan báyìí, nǹkan bíi mílíọ̀nù 6 wọn ló wà nínú ojú kọ̀ọ̀kan. Àwọn Òyìnbó tó kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ tó ń sọ kékeré di ńlá wò wọ́n rí i pé orí wọn ṣe ṣóńṣó, ni wọ́n bá fi ìrísí yẹn sọ wọ́n lórúkọ, "cone". Àwọn tiwa kan wá gbé e bó ṣe wà, wọ́n ń kọ "kóònù". Àwọn mìíràn ní àwọn á túmọ̀ ẹ̀, wọ́n pè é ní "sẹ́ẹ̀lì olórí ṣóńṣó".

Mi ò bá ọ̀rọ̀ àyálò jà. Mọ́tò, fóònù, sẹ́ẹ̀lì pàápàá tí mo ń lò yìí, wọ́n ti di tiwa. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àyálò tí kò mú nǹkan kan dání fún ẹni tó gbọ́ ọ, kí la fẹ́ fi ṣe? Ẹ pe "kóònù" fún ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́, ẹ wò ó bóyá ohunkóhun máa yọ sí i lọ́kàn. "Olórí ṣóńṣó" tiẹ̀ wá burú ju ìyẹn lọ, torí Yorùbá kì í fi ìrísí sọ òṣìṣẹ́ lórúkọ, iṣẹ́ tó ń ṣe la fi ń pè é. Apẹja, adẹ́mu, awakọ̀, aránṣọ. A kì í pe aránṣọ ní "ẹlẹ́yìn títẹ̀" nítorí pé ó tẹ̀ síwájú lórí ẹ̀rọ ẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

Olùkọ́ kan tí mo bọ̀wọ̀ fún wà ní ìhà Rẹ́mọ tó gbà mí gbọ́ dé ibí yìí, tó wá ní ká pè é ní "arí-àwọ̀". Yorùbá ni, kò dun etí láìdáa, ó sì tẹ̀lé ìlànà iṣẹ́ tí mo ń sọ. Àmọ́ irọ́ ni ọ̀rọ̀ yẹn ń pa. Nínú gbogbo mílíọ̀nù 6 yẹn, kò sí ẹyọ kan tó rí àwọ̀ rí. Bí a bá fi "arí-àwọ̀" kọ́ ọmọ, a ti kọ́ ọ ní òdì kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tèmi ni atọ́wò. Ẹ jẹ́ n sọ ìdí tí mo fi dúró lé e.

Ẹ jẹ́ ká ní ìyá kan wà lọ́jà Òkè-Àjẹ ní Ìjẹ̀bú-Òde tó fẹ́ ra gaàrì àpò mélòó kan, tí òun fúnra ẹ̀ ò lè fi í sẹ́nu. Ó mú ọmọbìnrin mẹ́ta dání kí wọ́n bá a tọ́ ọ wò. Àkọ́kọ́, kíkan ló máa ń ta sí i lẹ́nu jù. Ìkejì, gbígbẹ. Ìkẹta, bó ṣe yan tó lórí iná. Kò sí èyí tí ìyókù ò kàn lára rárá, ṣùgbọ́n oníkálùkù ní ohun tó ń ta sí i jù. Wọn ò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Igbá wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, bí ohun tó bọ́ sí i lẹ́nu bá ta sí i gan-an, á lu igbá kíkankíkan, bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, á lù ú jẹ́jẹ́. Ìyá kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó ń gbọ́ igbá.

Ká ní àkọ́kọ́ nìkan ló wá. Igbá dún gan-an. Kí ni ìyá fẹ́ mọ̀ níbẹ̀? Ó lè jẹ́ díẹ̀ báyìí lára gaàrì Ìjẹ̀bú tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ẹ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan tó kan dé góńgó, ó sì lè jẹ́ ẹ̀kún ọwọ́ gaàrì tí kò kan tó bẹ́ẹ̀. Ìró kan náà ni. Ọmọbìnrin yẹn ò mọ irú gaàrì tó jẹ, bó ṣe ta sí i tó nìkan ló lè sọ. Ṣùgbọ́n bí igbá mẹ́ta bá dún pọ̀, ìyá á fi ọ̀kan wé èkejì, á fi èkejì wé ẹ̀kẹta, á ní, "Ti Ìjẹ̀bú nìyí, ẹ gbé e." Ìyá yẹn ni ọpọlọ. Gaàrì ni ìmọ́lẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta ni atọ́wò, oríṣi mẹ́ta ni wọ́n lójú èèyàn. Àwọ̀ kò sí lọ́wọ́ ìkankan nínú wọn, inú ìfiwéra ni àwọ̀ wà.

Ìmọ́lẹ̀ tó ń ta sí wọn jù wà níbi nànómítà 420, 530 àti 560 (nànómítà ni òṣùwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn ìgbì ìmọ́lẹ̀). Ẹ wo bí ìkejì àti ìkẹta ṣe sún mọ́ra. 30 péré ló wà láàárín wọn, lórí 30 yẹn ni ìyàtọ̀ ata pípọ́n àti ata tútù dúró lé. Bí ọ̀kan nínú àwọn méjì yìí ò bá sí, tàbí tí àwọn méjèèjì wá ń tọ́ nǹkan kan náà wò, ìyá ò ní ohun tó máa fi wéra mọ́, ata pípọ́n àti tútù á wá fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bákan náà. Àwọn mìíràn tún wà nínú ojú tó jẹ́ olùṣọ́ òru, wọ́n pọ̀ ju atọ́wò lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n oríṣi kan ṣoṣo ni wọ́n, ìdí nìyẹn tí gbogbo aṣọ fi ń dà bí eérú nínú òkùnkùn. Mi ò ní yà sí ọ̀dọ̀ wọn.

Ẹni tó bá fẹ́ rí i pẹ̀lú ojú ara ẹ̀, kó tan fóònù ẹ̀, kó ṣí ojú ewé tó funfun, kó fi ìka kán ẹ̀kán omi kékeré kan báyìí sórí ẹ̀. Omi yẹn á sọ ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀ di ńlá. Ẹ ò ní rí funfun níbẹ̀. Pupa, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ aró lẹ máa rí, tò-tò-tò bí ìlẹ̀kẹ̀. Bí fóònù bá fẹ́ fi àwọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n hàn yín, pupa àti àwọ̀ ewé ló máa tàn pọ̀, igbá ìkejì àti ìkẹta á dún bó ṣe máa ń dún bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ gidi bá wà níwájú yín, ọpọlọ á sì gbà pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni. Bí atọ́wò bá jẹ́ arí-àwọ̀ ni, fóònù ò bá má lè rí i tàn.

Olùkọ́ ọjọ́sí yẹn ní ahọ́n ló ń tọ́ nǹkan wò, pé mo gbé iṣẹ́ ahọ́n fún ojú. Mo bẹ̀ ẹ́ kó tẹ́tí sí èdè ara ẹ̀. A ń tọ́ ọbẹ̀ wò. A ń gbóòórùn ẹja wò. A ń gbé ẹrù wò bóyá ó wúwo, à ń wọ bàtà wò bóyá ó fún, à ń fọwọ́ kan iwájú orí ọmọ wò bóyá ó gbóná, à ń bi àgbà wò. Ìdánwò tí Yorùbá bá ṣe, ara yòówù kó fi ṣe é, "wò" ló fi ń parí ẹ̀, "wò" yẹn náà sì ni iṣẹ́ ojú. Àwa náà la sọ pé a gbọ́ òórùn, a ò sì rò pé etí ló gbọ́ ọ. Èdè tó ti fi ojú sínú ìtọ́wò láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, ṣé òun ló máa wá kọ atọ́wò nínú ojú? Atọ́wò kì í sọ orúkọ ohun tó jẹ. Ó ń sọ bó ṣe rí lẹ́nu ẹ̀, ẹlòmíì ló ń dájọ́. Ohun tí sẹ́ẹ̀lì yẹn ń ṣe gan-an nìyẹn, kò lé, kò dín.

Bí orúkọ bá ti tọ̀nà, ti ẹranko kì í le mọ́. Atọ́wò oríṣi méjì ni ajá ní, nítorí náà bọ́ọ̀lù pupa tó bá sọnù sínú koríko tútù, imú ni ajá máa fi wá a. Màlúù náà, méjì. Aṣọ pupa tí wọ́n ń jù níwájú akọ màlúù ní Sípéènì, jíjù ẹ̀ ló ń bí i nínú. Àbùùbùtán nínú òkun, ọ̀kan péré, kò sí ẹni tó máa fi wéra. Adìyẹ tó ń ta ilẹ̀ lẹ́yìnkùlé yín ní mẹ́rin, ó jù wá lọ. Ọ̀pọ̀ ẹyẹ sì wà tí ọ̀kan nínú mẹ́rin tiwọn ń tọ́ ìmọ́lẹ̀ tí ojú èèyàn ò lè rí wò. Oyin ní mẹ́ta bíi tiwa, ṣùgbọ́n tiwọn sún sí ìhà ibòmíì: wọ́n ń rí ìmọ́lẹ̀ tí a ò rí lára òdòdó, pupa sì ṣókùnkùn sí wọn. Lọ́dún 1914 ni Karl von Frisch, onímọ̀ nípa ẹranko, fi hàn pé oyin mọ àwọ̀, ó kọ́ wọn láti wá omi ṣúgà lórí páálí aláwọ̀ aró láàárín páálí aláwọ̀ eérú lóríṣiríṣi.

Èyí tó mú inú mi dùn jù ni ẹ̀dá inú òkun kan tó jọ edé, tó ní oríṣi atọ́wò 12 fún àwọ̀. Gbogbo ayé rò pé kò sí ojú tó lè dà bí tiẹ̀. Lọ́dún 2014, àwọn onímọ̀ tó dán an wò fi hàn pé àwọ̀ tí èèyàn máa yà sọ́tọ̀ wéré, ó ń kó wọn pọ̀. Ohun tí wọ́n rò pé ó fà á ni pé kì í fi igbá kan wé èkejì bíi tiwa. Atọ́wò 12 láìsí ìfiwéra! Kí olùkọ́ mi yẹn wá fi "arí-àwọ̀" ṣàlàyé ìyẹn fún mi.

Ó ku "afọ́jú àwọ̀", èyí tó yẹ ká sin. Lọ́dún 1794, John Dalton, onímọ̀ kẹ́mísírì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dìde ní Manchester ó sì ṣàlàyé bí ojú òun ṣe ń ṣi àwọ̀ mú. Ó rò pé omi inú ẹyinjú òun ló ní àwọ̀ aró, ó ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bí òun bá kú. Ó kú lọ́dún 1844, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, omi náà mọ́ gaara. Wọ́n tọ́jú ojú ẹ̀. Lọ́dún 1995 ni wọ́n yẹ ohun àjogúnbá tó wà nínú ẹ̀, wọ́n rí i pé atọ́wò àárín ni kò ní. Orúkọ ẹ̀ ni àwọn Faransé fi ń pe ìṣòro yìí títí dòní. Ọkùnrin tó kọ́ ayé nípa átọ́ọ̀mù, ta ló jẹ́ pè é ní afọ́jú? Àṣìmú àwọ̀ ni mo ń pè é. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń ṣi àwọ̀ mú, bí ẹni tó ṣi bàtà mú lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan yín pé Yorùbá náà ń ṣi àwọ̀ mú nítorí pé a ní gaàrì pupa, epo pupa àti iná pupa. Ìyẹn jẹ́ ọ̀rọ̀ orúkọ, kò kan atọ́wò. Ẹni tó bá rò pé ojú wa ò mọ̀ ọ́n, kó wá sí Ojúde Ọba ní ọjọ́ kẹta Iléyá, kó gbé aṣọ tó fi díẹ̀ ṣókùnkùn ju tẹgbẹ́ lọ wọ̀ láàárín rẹgbẹ́rẹgbẹ́ obìnrin, kó gbọ́ ohun tí wọ́n máa sọ fún un.

Ohun tí mo sọ fún ìyá ọmọ náà lórí fóònù ò gùn. Mo ní ojú ọmọ yín ò fọ́. Mo ní atọ́wò oríṣi mẹ́ta ló yẹ kó wà níbẹ̀, ọ̀kan ni kò pé, ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọkùnrin sì ti sábà máa ń gbà á, kì í ṣe ẹ̀bi ìyá, torí ìyá fúnra ẹ̀ lè máa rí gbogbo àwọ̀ kedere. Mo ní láàárín ọkùnrin Yúróòpù, nǹkan bí 8 nínú 100 ló ní in, pé tiwa kéré sí ìyẹn. Ẹkún dá. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Èwo ni kò pé nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọkọ mi?"

Ohun tí oníṣègùn ojú máa kọ́kọ́ wádìí gan-an nìyẹn. "Kóònù" ò lè gbé ìbéèrè yẹn sí i lẹ́nu.