Láti WAEC bọ́ sínú ayé: bí ọ̀nà ṣe rí fún ọmọ aláàbọ̀ ara ní ilẹ̀ Okun

Títí ọmọ á fi ṣe ìdánwò WAEC, ilé-ẹ̀kọ́ ló dì í mú. Tíṣà mọ̀ pé lágbájá kì í ríran dáadáa, ó fi í jókòó síwájú. Ẹni tí kì í gbọ́ràn ń wo nóòtì ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọ. Kò sí ìwé kankan tó pa èyí láṣẹ. Àánú àti ojúlùmọ̀ ló ń ṣe é. Ọjọ́ tí bébà ìkẹyìn bá parí, gbogbo àwọn tó mọ ọmọ yẹn á tú ká. Ọ́fíìsì tó kàn kò mọ̀ ọ́n rí, ohun tó bá wà nínú fáìlì nìkan ló máa rí. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń já bọ́ ní Kàbà, Ìsánlú, Mọ̀pà, Ìyàrá àti ìgbèríko tó yí wọn ká ní ìpínlẹ̀ Kogi. Kì í ṣe pé wọn ò mọ̀wé. Àìlera wọn ni ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, òfin ló fa iṣẹ́ mímúra ọmọ sílẹ̀ de ìgbà tó bá parí ilé-ìwé lé ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́. Òfin ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ aláàbọ̀ ara, tí wọ́n ń pè ní IDEA, sọ pé nígbà tí ọmọ bá fi máa pé ọdún 16, ètò gbọ́dọ̀ ti wà lákọsílẹ̀ nípa ohun tó máa ṣe lẹ́yìn ilé-ìwé: iṣẹ́ tó fẹ́, ẹ̀kọ́ tó kù, bó ṣe máa dá gbé. Wọ́n gbọ́dọ̀ pe ọmọ náà fúnra rẹ̀ sí ìpàdé tí wọ́n ti ń sọ ọ́. Nàìjíríà kò ní irú ètò bẹ́ẹ̀. Èyí tó wà níbí ni òfin tó dènà ìyàsọ́tọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara, tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ọdún 2019. Ó ní ẹ̀kọ́ wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́ títí dé girama, ó dá àjọ kan sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ wọn ní Àbújá, ó sì fún àwọn ilé ìjọba ní ọdún 5 láti ṣe ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ arọ lè gbà wọlé. Ọdún 5 yẹn ti pé láti oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ 2024. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bó ṣe lọ sí, kó wo àtẹ̀gùn sẹkitéríàtì tó bá súnmọ́ ọn. Ṣùgbọ́n òfin náà kò sọ ẹni tó máa fa ọmọ lọ́wọ́ láti SS3 dé ibi tó kàn. Òbí àti tíṣà kan tó bá láàánú ló máa ń ṣe é, wọ́n sì lè ṣe é dáadáa bí wọ́n bá tètè bẹ̀rẹ̀.

JSS3 ló dáa jù láti bẹ̀rẹ̀, nítorí WAEC ṣì ku ọdún 3. Ìwé dókítà ni ohun àkọ́kọ́. Ìwé tó kàn sọ pé “ọmọ yìí jẹ́ aláàbọ̀ ara” kò wúlò púpọ̀. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ máa ń sọ orúkọ àìlera náà, bó ṣe le tó, bóyá ó lè lọ, àti ohun tí ọmọ nílò kó tó lè kàwé tàbí ṣe ìdánwò. Fún etí, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, láti mọ bí ohùn ṣe gbọ́dọ̀ ròkè tó kó tó wọlé. Kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ló ní in. Ará Ẹ̀gbẹ̀ lè gba ilé ìwòsàn yunifásítì Ìlọrin lọ, ará Kàbà lè forí lé Lọ́kọ́jà.

Àwọn àfín ni ilé-ẹ̀kọ́ sábà máa ń gbójú fò jù. Awọ ara ni gbogbo èèyàn ń wò, oòrùn ni wọ́n ń sọ fún un pé kó sá fún. Àmọ́ ohun tó mú awọ wọn funfun ló tún ń ba ojú wọn jẹ́: àwọ̀ tó yẹ kó wà nínú ẹyin ojú kò tó, ibi tó máa ń ríran jù lẹ́yìn ojú kò sì dàgbà bó ṣe yẹ. Ìdí nìyẹn tí gíláàsì kì í fi tán ìṣòro náà pátápátá. Ọmọ àfín tó ń gbé ìwé súnmọ́ imú kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe pé kò lóye. Lẹ́tà ńlá, àga iwájú, ibi tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé kò ti kọlù ú lójú: ìwọ̀nyí tó láti yí èsì ìdánwò padà. Bí dókítà kò bá kọ ọ́, àwọn tó ń mójú tó ìdánwò á fún un ní bébà tí lẹ́tà rẹ̀ rí bí irúgbìn ẹ̀fọ́, bíi ti gbogbo èèyàn.

Ohun tó ń dá ìwé dókítà yìí dúró jù ni ìtìjú. Ìyá á ní, “Ẹ má kọ ọ́ síbẹ̀ o, ọmọbìnrin ni, kò ní í rọ́kọ fẹ́.” Ọ̀rọ̀ náà yé èèyàn. Síbẹ̀, ojú tí kò ríran ò fara sin fún ẹnikẹ́ni láàárín ìlú. Fọ́ọ̀mù nìkan ló fara sin fún.

Lẹ́yìn ìwé dókítà ni NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè. Ó dà bí nǹkan kékeré, ó sì ti dá ọ̀pọ̀ padà. JAMB kì í forúkọ ẹni tí kò ní NIN sílẹ̀ mọ́, orúkọ tó bá wà lórí NIN ló sì máa gbà. Adití tí ẹlòmíràn ń bá sọ orúkọ rẹ̀ fún akọ̀wé máa ń bá orúkọ tó yí padà pàdé lẹ́yìn náà: lẹ́tà kan yàtọ̀, tàbí ọjọ́ ìbí tí wọ́n fojú bù. Ìwé ìbí, rẹ́jísítà ilé-ẹ̀kọ́ àti NIN gbọ́dọ̀ bára mu kó tó wọ SS3. Títún un ṣe lẹ́yìn náà máa ń gba owó àti àkókò.

Ilé-ẹ̀kọ́ ló ń forúkọ ọmọ sílẹ̀ fún WAEC, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń sọ pé ọmọ ní ìpèníjà. WAEC ní ètò fún afọ́jú, adití, ẹni tí ojú rẹ̀ kò mọ́lẹ̀ tó, ẹni tó ní ìpèníjà ara àti ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ń fa sẹ́yìn. Bébà ìbéèrè wà ní Braille, ìkọ̀wé tí afọ́jú ń fi ìka kà, wọ́n sì ń fi kún àkókò afọ́jú. Àwọn nǹkan wọ̀nyí kì í dé fúnra wọn o. Bí tíṣà tó ń tẹ orúkọ wọ kọ̀ǹpútà bá fo ibi tí wọ́n ti béèrè, bébà Braille kò ní í wà lọ́jọ́ ìdánwò, kò sì sí bí a ṣe lè dá ọ́fíìsì WAEC ní Lọ́kọ́jà lẹ́bi. Òbí ní ẹ̀tọ́ láti ní kí wọ́n tẹ fọ́ọ̀mù náà jáde, kó sì fi ojú ara rẹ̀ rí i kí wọ́n tó fi ránṣẹ́. Fún adití, bébà èdè Gẹ̀ẹ́sì tó dá lórí ìró àti ọ̀rọ̀ ẹnu ló le jù. Ilé-ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí WAEC nípa rẹ̀ ṣáájú, kì í ṣe lówùúrọ̀ ìdánwò.

JAMB yàtọ̀ díẹ̀. Kọ̀ǹpútà ni gbogbo èèyàn ń lò, ìbéèrè 180 láàárín wákàtí 2, èyí kò sì ṣe é ṣe fún afọ́jú. Láti 2017 ni ìgbìmọ̀ kan tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Okebukola ń darí ti ń ṣètò ìdánwò àwọn afọ́jú lọ́tọ̀, ní àwọn ibùdó díẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè. Ado-Ekiti wà lára àwọn ibi tí wọ́n ti lò, ó sì dára fún ará Kàbà, nítorí ọ̀nà Òmùò ló gba ibẹ̀ lọ tààrà. Ẹni tí kò bá sọ nígbà ìforúkọsílẹ̀ pé afọ́jú ni òun, yóò bá ara rẹ̀ níwájú kọ̀ǹpútà nínú ibùdó lásán.

Lórí ilé-ìwé gíga, ojú ọ̀pọ̀ máa ń lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ àkànṣe ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀yọ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1977, tàbí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àkànṣe ní yunifásítì Ìbàdàn àti Jos. Ibi tó dáa ni wọ́n. Àmọ́ bí ọmọ bá fẹ́ ka ìmọ̀ òfin tàbí ìṣirò owó, kò sídìí tí wọ́n á fi rọ́ ọ lọ síbi ẹ̀kọ́ àkànṣe nítorí pé afọ́jú ni. Ìbéèrè tó yẹ kí ẹbí béèrè lọ́wọ́ yunifásítì kí ọmọ tó fi í sínú JAMB ni pé: ògbufọ̀ èdè adití wà ńkọ́? Họ́sítẹ́lì tó wà nísàlẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ ti NELFUND, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2024, ń san owó ilé-ìwé tààrà fún ilé-ìwé tó bá wà nínú ètò náà, NIN ni wọ́n sì ń béèrè níbẹ̀ náà.

Ọ̀pọ̀ kò ní í lọ yunifásítì, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ní ètò tirẹ̀ tó ti wà tipẹ́: ìwé àdéhùn, ọdún ìkọ́ṣẹ́, fírídọ̀ọ̀mù. Fún adití, iṣẹ́ aránṣọ máa ń bá a mu, nítorí ojú ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Ọ̀gá á gbé aṣọ sórí tábìlì, á fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà ọrùn, á gé e, á sì gbé èyí tó kù fún ọmọ pé kó ṣe é. Wàhálà ń bẹ lọ́dọ̀ oníbàárà. Ẹni tó ń sọ pé “ẹ dín apá rẹ̀ kù díẹ̀” kò mọ̀ pé ọmọ yẹn kò gbọ́. Ṣọ́ọ̀bù tó ní ìwé nóòtì kan lórí tábìlì, tí oníbàárà ti ń ya sítáì tàbí kọ ìwọ̀n rẹ̀, tí wọ́n sì ń fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ti yanjú ìdajì rẹ̀. Ohun tó yẹ kó wà nínú ìwé àdéhùn ni pé ọ̀gá á jẹ́ kí ọmọ náà wọn oníbàárà fúnra rẹ̀, kó sì gba owó. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọdún 3 á kọjá tí ó ṣì ń gbé báàgì aṣọ kiri. Lẹ́yìn fírídọ̀ọ̀mù, Trade Test, ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ ti iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí iṣẹ́ ṣíṣe, wà fún ẹni tó bá fẹ́ ìwé ẹ̀rí tí ìjọba mọ̀. Fún ẹni tó fọ́jú lẹ́yìn tó ti dàgbà, ibùdó ìkọ́ṣẹ́ afọ́jú ní Òṣòdì, l'Ékòó, ń kọ́ wọn ní Braille, kọ̀ǹpútà àti bí a ṣe ń fi ọ̀pá rìn.

Bí ọmọ bá pé 18, òfin ti kà á sí àgbà. Ó lè gba káàdì ìdìbò, ó lè ní àkáǹtì tí kò sí orúkọ bàbá níbẹ̀. INEC ń béèrè nípa ìpèníjà ara nígbà ìforúkọsílẹ̀, òfin ìdìbò sì gbà kí afọ́jú mú ẹni tó fọkàn tán wá láti ràn án lọ́wọ́. Òfin 2019 ní kí iléeṣẹ́ ìjọba gbìyànjú láti jẹ́ kí aláàbọ̀ ara tó ìdá 5 nínú 100 àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Ẹni tó bá fẹ́ tọrọ iṣẹ́ nípasẹ̀ èyí gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rí, ìwé dókítà láti JSS3 á sì tún jáde. Àjọ tó wà ní Àbújá yẹn ń gba ẹ̀sùn ìyàsọ́tọ̀.

Èyí tó le jù ni ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ kì í tètè mú nǹkan, tí kò ní í ṣe WAEC. Ohun tí a ń kọ́ ọ kì í ṣe ìwé: kó mọ owó, kó lè wọkọ̀ láti Ìyàrá dé Kàbà kó sì padà wá, kó mọ ilé tó máa sá sí. Wọ́n sábà máa ń rán an lọ́jà pẹ̀lú ẹlòmíràn, lẹ́yìn náà òun nìkan, ọjà kan náà, ọ̀dọ̀ ìyá kan náà, títí tó fi mọ́ ọn lára. Ìbéèrè tí òbí kì í fẹ́ gbọ́ ni ti ọjọ́ tí àwọn kò bá sí mọ́. Ní ilẹ̀ Okun, tí káṣù pọ̀ sí, igi tó ti ń so lè máa so fún ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá tó bá pín apá kan nínú oko káṣù fún ọmọ bẹ́ẹ̀ nígbà tó ṣì wà láàyè, níwájú olórí ẹbí, tí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ àbúrò tó máa bójú tó o àti iye tí àbúrò náà á máa mú nínú owó káṣù lọ́dọọdún, ti gé ìjà ọ̀pọ̀ kúrò. Olórí ẹbí fọwọ́ sí i, agbẹjọ́rò fọwọ́ sí i, àbúrò náà sì fọwọ́ sí i.