Ipa iṣẹ́ ológun nínú ìtọ́jú ìlera ní Àríwá Nàìjíríà

Ìṣègùn ológun ni ẹ̀ka iṣẹ́ ìṣègùn tó ń mójú tó àwọn ọmọ ogun, yálà lójú ìjà tàbí ní bárékè. Ní Àríwá Nàìjíríà, láti Lọ́kọ́jà dé Kàdúná, Abuja àti Maiduguri, ọwọ́ ẹ̀ka yìí wà nínú púpọ̀ lára ohun tí aráàlú ń rí gbà ní ọsibítù lónìí: oògùn ibà, áńbúláǹsì, ẹ̀jẹ̀ fífà síni lára, iṣẹ́ abẹ egungun. Ogun fúnra rẹ̀ kì í sábà dá oògùn sílẹ̀. Ohun tó máa ń ṣe ni pé ó ń mú ìjọba nípá láti náwó sórí ìmọ̀ tó ti wà nílẹ̀ tẹ́nikẹ́ni ò kà sí, ó sì ń kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún aláìsàn wá síwájú dókítà lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó kọ́kọ́ fa irú ìnáwó bẹ́ẹ̀ lágbègbè yìí kì í ṣe ọgbẹ́ ìbọn. Ibà ni.

Ibà lórí odò Ọya

Ní 1841, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta gba odò Ọya wọ àárín ilẹ̀. Samuel Ajayi Crowther, tó di bíṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn náà, bá wọn lọ. Nínú àwọn òyìnbó bíi 145 tó wà nínú ọkọ̀, ó lé ní 40 tó kú, ibà ló sì pa èyí tó pọ̀ jù. Ìrìn àjò náà tú ká. Lẹ́yìn ọdún 13, ní 1854, ọkọ̀ Pleiad gba ojú odò kan náà lọ, ó sì yà sínú odò Bẹ́núé. Crowther tún wà níbẹ̀. William Balfour Baikie, dókítà ọmọ ogun ojú omi, ni olórí wọn, òfin tó sì ṣe ni pé kí gbogbo òyìnbó inú ọkọ̀ máa mu kuiníìnì lójoojúmọ́, kí ara ẹnikẹ́ni tó gbóná rárá. Wọ́n ń po oògùn kíkorò náà mọ́ wáìnì kó lè ṣeé gbé mì. Ó lé ní oṣù mẹ́ta tí wọ́n lò lórí omi, ibà ò pa ẹyọ ẹnì kan nínú wọn.

Kuiníìnì kì í ṣe nǹkan tuntun nígbà náà. Ní 1820 ni wọ́n ti yọ ọ́ jáde lára èèpo igi sinkónà, dókítà ọkọ̀ ogun mìíràn, Alexander Bryson, sì ti ń kọ̀wé pé kí wọ́n máa fi dènà ibà. Àmọ́ àṣà tó gbòde ni pé kí ibà ti dá èèyàn gúnlẹ̀ kí wọ́n tó fún un ní oògùn. Àwọn jagunjagun Yorùbá ìgbà yẹn ò ní kọ́ irú ọgbọ́n Baikie lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí kí ogun tó bẹ́ ni wọ́n ti ń lo òkígbẹ́ àti ayẹta. Ní ti ayẹta, a ò gbọ́ pé ó yẹ ibà rí.

Lẹ́yìn ìrìn àjò yìí ni Baikie tẹ ibùdó dó sí Lọ́kọ́jà, níbi tí odò méjèèjì ti pàdé, nítòsí ilẹ̀ àwọn Ọ̀wọ́rọ̀ tó ń sọ ẹ̀ka èdè Yorùbá. Ní Lọ́kọ́jà yìí kan náà ni Frederick Lugard ti kéde ìjọba amúnisìn lórí Àríwá Nàìjíríà ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní, 1900. Oògùn tó dá ẹ̀mí àwọn atukọ̀ sí ló la ọ̀nà fún ẹgbẹ́ ọmọ ogun tó ṣẹ́gun Kano àti Sókótó ní 1903.

Dókítà ológun tó jẹ́ ọmọ Yorùbá

Ikú àwọn dókítà òyìnbó ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà dá ìṣòro mìíràn sílẹ̀ fún iléeṣẹ́ ogun Gẹ̀ẹ́sì: ta ni yóò máa tọ́jú àwọn ṣọ́jà? Ní 1855, wọ́n mú ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta ní Sàró pé kí wọ́n wá kọ́ iṣẹ́ dókítà ní ìlú Ọba. William Broughton Davies, tí ẹbí rẹ̀ ti ilẹ̀ Yorùbá wá, gba ìwé ẹ̀rí ní 1858. James Africanus Horton, ọmọ Ìgbò, tẹ̀ lé e ní 1859. Àwọn méjèèjì di ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ dókítà ológun. Nígbà tí ìjọba wá dá ẹgbẹ́ àwọn dókítà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ ní 1902, wọ́n fi í sínú òfin pé ọmọ òyìnbó nìkan ló lè wọlé. Ó ṣòro kéèyàn má rí i pé ìlẹ̀kùn tí ibà ṣí, ìgbà tí apá ká ibà díẹ̀ ni wọ́n tún un tì.

Bọ́mà àti ohun tó tẹ̀ lé e

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ará Jàpáánù gba erékùṣù Java ní 1942, níbi tí èyí tó pọ̀ jù nínú kuiníìnì ayé ti ń wá. Oògùn mìíràn, mepacrine, ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ fáwọn ọmọ ogun. Ó korò, ó sì ń sọ awọ ara di pupa rúsúrúsú bí ẹni tó ní ibà pọ́njú-pọ́njú, torí náà ọ̀pọ̀ ṣọ́jà ń dà á nù. William Slim, ọ̀gá ogun Gẹ̀ẹ́sì ní Bọ́mà, orílẹ̀-èdè Éṣíà tí wọ́n ń pè ní Myanmar báyìí, sọ pé ní 1943, bí ẹnì kan bá fara gbọgbẹ́ dé ọsibítù, 120 ni àìsàn ń gbé dé ibẹ̀. Ó ní kí wọ́n máa yẹ àwọn ṣọ́jà wò láìsọ tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá tí iye ọmọ ogun rẹ̀ tí wọ́n rí oògùn náà lára wọn kò bá tó 95 nínú ọgọ́rùn-ún yóò fi ipò sílẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹni mẹ́ta bá a lọ, àwọn yòókù gbọ́ èdè.

Hausa ni èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Nàìjíríà tó lọ síbẹ̀, àmọ́ Yorùbá pọ̀ nínú wọn, pàápàá nídìí iṣẹ́ ìtọ́jú. Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹ̀múré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, jẹ́ olùtọ́jú aláìsàn ní ibùdó ìtọ́jú tó ń tẹ̀ lé àwọn ọmọ ogun ní àfonífojì Kaladan. Ní 1944, ọ̀tá dá wọn lọ́nà, ìbọn sì bà á. Òun àti sájẹ́ǹtì kan láti Sàró, David Kagbo, sá pamọ́ sínú igbó fún ọ̀pọ̀ oṣù, àwọn ará abúlé ibẹ̀ ló ń bọ́ wọn títí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi dé.

Inú ìwádìí tí ogun yìí fà ni chloroquine ti wá sí gbangba. Jámánì ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é, ní 1934, wọ́n sì pa á tì. Àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà ló padà fi ẹ̀rí múlẹ̀ pé ó dára. Àgbàlagbà Nàìjíríà ò nílò kí wọ́n ṣàlàyé oògùn yìí fún òun: ibà á lọ, ara á sì máa yún bí ẹni tó fara kan èèsìn. Kò pẹ́ tí kòkòrò ibà fi mọ ọgbọ́n rẹ̀. Ogun Vietnam ló mú èyí tó rọ́pò rẹ̀ wá. Ní ọjọ́ 23 oṣù karùn-ún, 1967, ìjọba Ṣáínà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àṣírí kan tí wọ́n ń pè ní 523 láti wá oògùn fáwọn ọmọ ogun Àríwá Vietnam tí ibà ń pa nínú igbó. Tu Youyou rí artemisinin nínú ewé kan tí ìwé ìṣègùn àtijọ́ ti dárúkọ, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 2015. Láti 2005 ni ìjọba Nàìjíríà ti fi àpapọ̀ oògùn tó ní artemisinin nínú ṣe oògùn àkọ́kọ́ fún ibà.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà náà ní ìtàn bẹ́ẹ̀. RTS,S, tó kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ, wá láti inú àjọṣe iléeṣẹ́ oògùn kan àti ibùdó ìwádìí Walter Reed ti ọmọ ogun Amẹ́ríkà, láti àwọn ọdún 1980. R21, tí Yunifásítì Oxford ṣe, ń kojú kòkòrò ibà lọ́nà kan náà, òun sì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gún fáwọn ọmọdé ní ìpínlẹ̀ Kebbi àti Bayelsa ní ìparí 2024.

Ọgbẹ́, ẹ̀jẹ̀ àti egungun

Dominique Jean Larrey, dókítà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Faransé, ló ṣe kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin tó ń sáré gbé ẹni tó fara gbọgbẹ́ kúrò lójú ìjà láti 1792. Òun náà ló ní kí wọ́n máa tọ́jú èèyàn bí ọgbẹ́ rẹ̀ ṣe le tó, kì í ṣe bí ipò rẹ̀ ṣe ga tó. Ìlànà yìí ni àwọn dókítà ń tẹ̀ lé nígbà tí bọ́ǹbù bá dún. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹrin, 2014, bọ́ǹbù bú ní gáréèjì Nyanya lẹ́yìn odi Abuja, lágbègbè tí ọ̀pọ̀ Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ láàárín ìlú ń gbé. Ó lé ní 70 èèyàn tó kú, wọ́n sì pín àwọn tó fara pa sí oríṣiríṣi ọsibítù. Nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń kígbe kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbé. Ẹni tó dákẹ́, tí èémí rẹ̀ ń já, ni.

Ohun kékeré kan wà tí ọ̀pọ̀ ṣọ́jà tó ń jà lóde òní ń gbé sápò: ọ̀já tó ní igi kékeré lára. Bí ọta bá gé iṣan ẹ̀jẹ̀ itan, ẹ̀jẹ̀ lè tán lára èèyàn láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Wọ́n á so ọ̀já náà sí òkè ojú ọgbẹ́, wọ́n á máa yí igi rẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ á fi dá, wọ́n á wá kọ aago tí wọ́n so ó sílẹ̀ kí dókítà lè mọ̀. Ó máa ń dunni gan-an. Bí kò bá dunni, ó ṣeé ṣe kó má tíì fún tó. Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń kìlọ̀ pé irú ọ̀já yìí á sọni di ẹlẹ́sẹ̀ kan. Ìrírí àwọn dókítà ológun ní Iraq àti Afghanistan ló yí ọ̀rọ̀ náà padà, ó sì ti di ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn tó ń gbé áńbúláǹsì.

Ti ẹ̀jẹ̀, Oswald Robertson, dókítà ọmọ ogun Amẹ́ríkà, ló kọ́kọ́ tọ́jú ẹ̀jẹ̀ pa mọ́ sínú yìnyín lójú ogun ní 1917 kí ẹni tó nílò rẹ̀ tó dé. Ibi tí kò bá sí irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀, lára ṣọ́jà tó dúró ti aláìsàn ni wọ́n ti ń fà á. Ẹni tí wọ́n bá ti ní kó lọ pe mọ̀lẹ́bí wá fún ẹ̀jẹ̀ ní ọsibítù Nàìjíríà mọ ètò yẹn dáadáa.

Ọsibítù egungun Ìgbóbì ní Èkó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ibùdó àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó sì di ọsibítù ní 1945. Orúkọ rẹ̀ ti wọ èdè débi pé "ó ti dèrò Ìgbóbì" kò nílò àlàyé. Àríwá ní èyí tó jọ ọ́ ní Dala, nílùú Kano, láti 1959.

Ní Sókótó, ọsibítù kan wà fáwọn ọmọdé tí àrùn noma ti jẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ tàbí imú wọn. 1999 ni wọ́n ṣí i. Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń tún ojú wọn ṣe ni gbígé ẹran ara láti ibòmíràn láìgé iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kó lè máa yè títí tí yóò fi lẹ̀ mọ́ ojú. Ibi tí irú iṣẹ́ yìí ti gbòòrò jù ni ọsibítù Harold Gillies ní Sidcup, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 1917, níbi tí ó lé ní 5,000 ṣọ́jà tí ìbọn ti ba ojú wọn jẹ́ ti gba ìtọ́jú.

Ọsibítù ológun àti aráàlú

Ọsibítù ológun 44 ní Kàdúná ni aráàlú mọ̀ jù, "Fọtí-Fọ́ọ̀" lásán sì ni wọ́n ń pè é. Kò dìgbà téèyàn bá wọ aṣọ ológun kí wọ́n tó gbà á wọlé. Láti bíi 2005 ni ètò ìtọ́jú HIV tí iléeṣẹ́ ààbò Nàìjíríà àti Walter Reed jọ ń ṣe ti wà láwọn ọsibítù ológun, àwọn aráàlú tó ń gbé yí bárékè ká sì ń gba oògùn wọn níbẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ìmọ̀ ló ń ti bárékè jáde. Tranexamic acid, oògùn tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, tọkọtìyàwó onímọ̀ kan ní Jàpáánù, Utako àti Shosuke Okamoto, ló ṣe é, nítorí àwọn obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára wọn lẹ́yìn ìbímọ. Ní 2010, ìwádìí kan lórí 20,211 aláìsàn ní orílẹ̀-èdè 40, Nàìjíríà wà lára wọn, fi hàn pé ó ń dín ikú kù lára àwọn tí jàǹbá ṣe léṣe, bí wọ́n bá tètè gún un. Ẹ̀yìn èyí ni ó di ohun tí dókítà ológun ń gbé lọ sójú ìjà. Ní 2017, ìwádìí mìíràn tí ọ̀pọ̀ obìnrin Nàìjíríà kópa nínú rẹ̀ dá a padà sí ibi tí Okamoto fẹ́ kó wà: yàrá ìgbẹ̀bí, kí wákàtí mẹ́ta àkọ́kọ́ tó kọjá.