Bí wọ́n ṣe ń pe ọba àti ìjòyè ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Ní Àkúrẹ́, ọjọ́ tí ọba bá gorí ìtẹ́ ni orúkọ tí ìyá àti bàbá sọ ọ́ kúrò lẹ́nu ará ìlú. Inú ìwé nìkan ló kù sí. Aláyélúwà á ṣáájú, Ọba á tẹ̀lé e, orúkọ àbísọ á wọlé, orúkọ oyè á dé, ìtẹ́ fúnra rẹ̀ á wá kẹ́yìn: Aláyélúwà Ọba Ògúnládé Aládétóyìnbó Aládélúsì, Ọ̀dúndún Kejì, Déjì Àkúrẹ́. Lójúkojú, Kábíyèsí ti tó, pẹ̀lú "ẹ" àti "yín". Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pàápàá kò ní sọ "o" fún un mọ́.

"Kejì" yẹn máa ń ṣi àlejò lọ́nà. Kì í ṣe iye ọba tó ti jẹ ni wọ́n ń kà, iye ẹni tó ti jẹ́ orúkọ oyè yẹn ni. Afúnbíowó ni Ọba Adéṣidá tó jẹ láti 1897 títí di 1957. Nígbà tí Ọba Adébíyìí Adéṣidá gorí ìtẹ́ ní 2010, ó di Afúnbíowó Kejì, bẹ́ẹ̀ ó ju ọba kan lọ tó ti jẹ láàárín àwọn méjèèjì.

Ìgbà tí ọba bá wàjà ni ètò yìí máa ń hàn kedere jù (ẹni tó bá sọ pé ọba "kú" létí ààfin, ará oko ni). Ọmọbìnrin ọba tó wàjà ló ń di adelé. Ọmọbìnrin Afúnbíowó Kejì ló ṣe adelé láti 2013 títí di 2015. Aṣọ àti fìlà ọkùnrin ni adelé ń wọ̀, Kábíyèsí ni wọ́n ń kí i, àwọn ìjòyè tó lè bí i lọ́mọ ń dọ̀bálẹ̀ fún un. Ìtẹ́ ni wọ́n ń kí. Bí Déjì tuntun bá ti jẹ, ọmọ ọba ló padà dà.

Oǹdó tún ní tirẹ̀. Ọ̀ṣemàwé ni ọba ibẹ̀; Ọba Adéṣímbọ̀ Kíládéjọ, Jílọ̀ Kẹta, ló wà níbẹ̀ láti 2006. Ṣùgbọ́n ìtàn ìlú sọ pé obìnrin ni Púpùpú tó kọ́kọ́ jọba, oyè Ọlọ́bùn sì wà títí di òní. Ọba obìnrin ni wọ́n ka Ọlọ́bùn sí, ó sì ní ipa nínú ìfijoyè Ọ̀ṣemàwé. Ẹni tó bá kí i bí aya ìjòyè lásán ti ṣìwà hù.

Ti àwọn ìjòyè àgbà kò le. Oyè nìkan ni à ń pè: Ọlísà àti Àró ní Àkúrẹ́, Lísà, Jómù àti Sàṣẹrẹ ní Oǹdó. Ẹni tí wọ́n fi oyè dá lọ́lá, bí olówó tàbí ọ̀rẹ́ ìlú, ló ṣì ń fi "Olóyè" ṣáájú orúkọ ara rẹ̀.