Ẹ ti pa Firefox dé, kí ló tún ń kú fún?

Màmá kan tó ń ta aṣọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì gbé láptọ́ọ̀pù wọn wá bá mi. Láti àárọ̀ dalẹ́, Firefox, bùráúsà tí wọ́n fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì, kì í yọ wọ́n lẹ́nu. Àfi bí wọ́n bá tẹ X pé àwọn ti ṣe tán: bí ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn náà, àpótí kékeré kan á yọjú pé bùráúsà ti dákú. "Ọmọ mi, èmi fúnra mi ni mo pa á, kí ló tún ń kú fún?"

Wọ́n ti yọ ọ́ kúrò, wọ́n sì ti gbé e padà sórí ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mejì. Asán ni. Ètò náà nìkan lèèyàn ń yọ báyẹn. Fódà tí wọ́n ń pè ní profile, níbi tí bookmark, páàsìwọ́ọ̀dù àti àwọn àfikún yín (add-on, àwọn ètò kéékèèké tí ẹ so mọ́ Firefox) wà, kò kúrò lójú kan. Orí ẹrù àtijọ́ náà ni Firefox tuntun máa wá jókòó lé.

Ẹni tó bá ń pàtẹ lọ́jà mọ̀ pé iṣẹ́ gidi ni ìpalẹ̀mọ́. Bí ẹ bá tẹ X, fèrèsé á kúrò lójú, ṣùgbọ́n Firefox ṣì ń palẹ̀ mọ́ lábẹ́lẹ̀: ó ń kọ àwọn ojú ewé tẹ́ ẹ ṣí sílẹ̀, ó ń pa fáìlì ìtàn (history, àkọsílẹ̀ àwọn ojú ewé tẹ́ ẹ ti wò) dé, ó ń lé àwọn àfikún sílé. Bí ọ̀kan nínú wọn bá há, kò ní dúró dè é títí. Ìṣẹ́jú àáyá 60 ló fún un. Tó bá pé, Firefox á fipá pa ara rẹ̀. Ohun tí àpótí yẹn ń sọ nìyẹn. Bí ẹ bá sì tún un ṣí kó tó parí, á ní òun ti ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, nítorí èyí àkọ́kọ́ ṣì di profile mú. Lórí Windows, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ kí Task Manager ṣí, kí ẹ wá firefox.exe níbẹ̀, kí ẹ pa á.

Láti mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ àfikún ni, ẹ di Shift mú bí ẹ bá ń ṣí Firefox lórí Windows. Option ni lórí Mac. Troubleshoot Mode nìyẹn, kò sí àfikún kankan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ lò ó díẹ̀, kí ẹ pa á dé. Bí kò bá dákú, ẹ padà ṣí Firefox bí ẹ ṣe máa ń ṣí i, ẹ kọ about:addons síbi tí ẹ ń kọ àdírẹ́sì sí lókè, ẹ máa pa àfikún lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì máa pa Firefox dé lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ tó ń súni ni, mo mọ̀. Mọ́kànlá ni mo bá lórí ẹ̀rọ màmá. Ìkẹfà ni ọ̀daràn, èyí tí wọn ò tiẹ̀ rántí ìgbà tí wọ́n gbà á wọlé.

Bó bá ṣì ń dákú nínú Troubleshoot Mode, ẹ wo Settings, lápá Privacy, bóyá ẹ ti ní kó máa nu ìtàn nù nígbàkígbà tẹ́ ẹ bá pa á dé. Lórí díìsìkì tó ti gbó, ìnùnù yẹn lè pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ about:support síbi àdírẹ́sì bákan náà, kí ẹ tẹ Verify Integrity lábẹ́ Places Database, ibi tí Firefox ń kó ìtàn àti bookmark sí.

Refresh Firefox tó wà lójú ewé yẹn kan náà ni mo máa ń fi ṣe àṣekágbá. Bookmark àti páàsìwọ́ọ̀dù kò ní lọ, àmọ́ àfikún á lọ. Á kó ẹrù àtijọ́ sí fódà kan lórí Desktop tó ń jẹ́ Old Firefox Data. Ẹ má pa á rẹ́ títí tí ẹ ó fi rí i pé gbogbo páàsìwọ́ọ̀dù yín pé.