Kéèkì Igi: Bí Kéèkì Onípele Ṣe Di Òrùka

Àwọn tó ń ṣe kéèkì ayẹyẹ l'Ékòó máa ń yan ìpele mẹ́ta tàbí mẹ́rin, wọ́n á tò wọ́n léra, wọ́n á wá mú ọ̀bẹ. Nínú gígé yẹn ni gángan ti ń jáde, tàbí báàgì, tàbí fìlà abetí-ajá. Iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni, ẹni tó bá sì ti gbìyànjú rẹ̀ rí nílé á mọ̀ pé owó tí wọ́n ń gbà lórí rẹ̀ kò pọ̀ jù. Àmọ́ àwọn ará Jámánì ní kéèkì onípele kan tí kì í ṣe ọ̀bẹ ló fún un ní ìrísí, tí wọn kì í sì í dà á sínú agolo kankan kí wọ́n tó yan án. Baumkuchen lorúkọ rẹ̀, ìyẹn kéèkì igi. Ó máa ń dúró lóòró bí òpó, ihò la inú rẹ̀ já láti òkè dé ìsàlẹ̀, ara rẹ̀ sì rí gbágungbàgun. Ẹ gé e ní ìbú, ẹ ó rí òrùka nínú òrùka, èyí tó pọ́n àti èyí tó funfun, bí inú ìtì igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ayùn rẹ́.

Ọ̀pá ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n á fi pépà wé ọ̀pá náà kí kéèkì lè yọ lára rẹ̀ tó bá yá, wọ́n á gbé e síwájú iná, wọ́n á sì máa yí i. Wọ́n á bu àpòpọ̀ bọ́tà, ẹyin, ṣúgà àti fúláwà sí i lára ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tàbí kí wọ́n ri ọ̀pá náà bọ inú àpòpọ̀ ọ̀hún. Ó dìgbà tí iná bá mú ìpele yìí pọ́n kí wọ́n tó bu òmíràn lé e. Báyìí ni wọ́n á ṣe máa bù ú lé e lórí, tí wọ́n á máa yí i, títí ìpele á fi pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ogún, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú ìpele kọ̀ọ̀kan tí iná bà ló ń di ìlà pupa. Inú rẹ̀ tí iná kò fi bẹ́ẹ̀ dé ló ń funfun. Kò sí kírímù láàárín wọn, kò sí jáàmù. Iná nìkan ló ń ya ìpele kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì.

Iṣẹ́ yìí kò fẹ́ ìkánjú, kò sì fẹ́ àìbìkítà. Àpòpọ̀ tó bá ki jù á fi ìwúwo rẹ̀ ya kúrò lára ọ̀pá, á já bọ́ sínú àwo tó wà nísàlẹ̀. Èyí tó bá ṣàn jù á ro dànù kí iná tó mú un. Bí ọ̀pá bá ń yí wéréwéré, àpòpọ̀ á máa fò síta, á sì gan síbẹ̀ bí ẹ̀gún. Gbágungbàgun ara rẹ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, pákó tí wọ́n gbẹ́ eyín sí bíi ti ìyàrun ló ń ṣe é: wọ́n á fi í ti àpòpọ̀ tútù bí ọ̀pá ti ń yí, ibi tí eyín bá kàn á wọlé, ibi tí kò kàn á yọ síta. Ìlànà oúnjẹ Jámánì tilẹ̀ sọ pé kéèkì tó bá fẹ́ jẹ́ orúkọ yìí kò gbọ́dọ̀ ní páúdà tó ń mú kéèkì wú, bọ́tà sì ni ọ̀rá rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́, kì í ṣe màjàrín. Ẹyin tí wọ́n lù dáadáa ló ń gbé e dúró.

Ìlú mẹ́ta ní Jámánì ló ń pín iyì kéèkì yìí láàárín ara wọn, wọn kì í sì í fẹ́ kí ìlú kejì sọ̀rọ̀: Salzwedel, Cottbus àti Dresden. Èmi ò rí ìdí tí a fi ní láti dá ẹjọ́ wọn, torí pé kéèkì orí ọ̀pá ti wà kí ẹnikẹ́ni tó so ó mọ́ ìlú kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Láti ọdún 1400 sókè làwọn alásè ní ilẹ̀ Jámánì ti ń kọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é sílẹ̀. Ohun tó wà lórí ọ̀pá nígbà yẹn kì í ṣe àpòpọ̀ tó ń ṣàn. Ìyẹ̀fun pípò ni, tó le bíi ti búrẹ́dì. Wọ́n á nà án gùn bí okùn, wọ́n á lọ́ ọ mọ́ ọ̀pá, wọ́n á sì yan án. Àwọn ará Hungary àtàwọn Hungary tó wà ní Transylvania, ní orílẹ̀-èdè Romania, ṣì ń ṣe irú rẹ̀ títí dòní, kürtőskalács ni wọ́n ń pè é, ẹ ó sì rí àwọn tó ń tà á lójú pópó nígbà Kérésìmesì ní ọ̀pọ̀ ìlú Yúróòpù. Marx Rumpolt, alásè ààfin Mainz, fi kéèkì orí ọ̀pá sínú ìwé ìdáná ńlá tó tẹ̀ jáde ní Frankfurt ní 1581.

Tí wọ́n bá ní kí n tọ́ka sí ibi tí kéèkì yìí ti ṣẹ̀ gan-an, ìgbà tí wọ́n fi ìyẹ̀fun líle sílẹ̀, tí wọ́n mú àpòpọ̀ tó ń ṣàn, ni màá tọ́ka sí. Ìyẹ̀fun líle, ẹ̀ẹ̀kan péré lo lè lọ́ ọ mọ́ ọ̀pá, èèpo kan ṣoṣo ló sì máa ní. Àpòpọ̀ tó ń ṣàn kò lè dúró lára ọ̀pá àfi tí o bá bù ú díẹ̀díẹ̀, kí èyí tó wà nílẹ̀ gbẹ kí òmíràn tó dé. Àìlèdúró yẹn ló bí ìpele. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni jókòó pé òun fẹ́ fi kéèkì ya àwòrán igi. Nígbà tí wọ́n gé e ni wọ́n rí ohun tí ọwọ́ wọn ti ṣe. Nígbà tó fi máa di 1682, tí Johann Sigismund Elsholtz, oníṣègùn tó ń tọ́jú olórí ilẹ̀ Brandenburg, kọ ìwé rẹ̀ lórí oúnjẹ, kéèkì náà ti wà lára ohun tó yẹ kí ọmọ ènìyàn pàtàkì mọ̀.

Ènìyàn pàtàkì ni mo wí, torí mẹ̀kúnnù kò lè súnmọ́ ọn. Ẹyin rẹpẹtẹ, bọ́tà rẹpẹtẹ, ṣúgà tó ń ti òkè òkun wá, igi ìdáná tó pọ̀, àti ẹnì kan tí kò ní iṣẹ́ míì ju kó máa yí ọ̀pá lọ. Ibi ìgbéyàwó àwọn ọlọ́lá àti orí tábìlì ọba ló ń gbé. Ní 1841, Friedrich Wilhelm IV, ọba Prussia, ìjọba ńlá kan ní ilẹ̀ Jámánì nígbà yẹn, kọjá ní Salzwedel, wọ́n gbé e fún un, ó sì dùn mọ́ ọn. Ìlú kékeré náà kò jẹ́ kí ayé gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn. Lónìí, àjọ ilẹ̀ Yúróòpù ti dáàbò bo orúkọ kéèkì Salzwedel, ẹni tó bá ń ṣe tirẹ̀ síbòmíì kò lè lẹ orúkọ ìlú náà mọ́ ọn.

Àwọn ìbátan rẹ̀ pọ̀ ní àríwá àti ìlà-oòrùn Yúróòpù. Ní Poland, sękacz ni. Ní Lithuania, šakotis ni, àwọn yẹn sì fẹ́ràn ẹ̀gún tí àwọn ará Jámánì ń sá fún: bí àpòpọ̀ bá ṣe ń fò síta tó bẹ́ẹ̀ ni inú wọn ń dùn tó, kéèkì wọn á wá yọ ẹ̀ka kiri ara. Àwọn ará Skåne ní gúúsù Sweden ní spettekaka, tó gbẹ tó sì fúyẹ́, tó jẹ́ ẹyin àti ṣúgà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo wọn kò tilẹ̀ sí lórí ọ̀pá. Ní Indonéṣíà, lábẹ́ ìjọba àwọn Dutch, wọ́n mú irú ọgbọ́n yìí wọnú agolo onígun mẹ́rin: wọ́n ń bu ìpele fẹ́lẹ́, iná á ti òkè mú un pọ́n, wọ́n á bu òmíràn lé e, wọ́n á sì fi kánáfùrù àti igi olóòórùn dídùn sí i. Lapis legit ni wọ́n ń pè é. Ìlà pupa àti funfun kan náà ni, àmọ́ ó tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sí òrùka. Ẹni tó bá fẹ́ dán ọgbọ́n yìí wò nílé láìní ọ̀pá, ọ̀nà ti Indonéṣíà yìí ni kó gbà, kó ṣáà ti rí i pé iná orí ófùnù rẹ̀ ń ṣiṣẹ́.

Orílẹ̀-èdè tí ọ̀rọ̀ kéèkì igi wá kún ẹnu wọn jù lónìí, tó ṣeé ṣe kó tilẹ̀ ju Jámánì fúnra rẹ̀ lọ, ni Japan. Ogun ló gbé e débẹ̀.

Wọ́n bí Karl Juchheim ní 1886 ní Kaub, ìlú kan létí odò Rhine. Iṣẹ́ kéèkì ló kọ́. Nígbà yẹn, Qingdao ní etí òkun Ṣáínà wà lábẹ́ àwọn ará Jámánì, ibẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin yìí gbà lọ, ó sì ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ níbẹ̀. Ọdún 1914 ló fẹ́ Elise, ọdún náà sì ni ogun àgbáyé kìíní bẹ́ sílẹ̀. Japan dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń bá Jámánì jà, ó sì gba Qingdao ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn. Wọ́n kó nǹkan bí 4,700 ènìyàn lọ sí Japan gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́wọ̀n ogun. Juchheim kì í ṣe ológun, àmọ́ wọ́n mú un lẹ́yìn àwọn tó kù. Elise kù sí Qingdao. Wọ́n kọ́kọ́ fi ọkọ rẹ̀ sí àgọ́ kan ní Osaka, ní 1917 wọ́n wá gbé e lọ sí Ninoshima, erékùṣù kékeré kan ní ẹ̀bá èbúté Hiroshima.

Ogun parí, ṣùgbọ́n wọn kò tíì dá àwọn ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 1919, wọ́n ṣe àfihàn iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará Jámánì tó wà ní àgọ́ náà, ní gbọ̀ngán ìpàtẹ ọjà Hiroshima, ilé tí ayàwòrán-ilé ọmọ Czech, Jan Letzel, yà. Juchheim yan kéèkì igi níbẹ̀, àwọn ará ìlú sì tọ́ ọ wò. Ọjọ́ kẹrin oṣù náà ni Japan kà sí ọjọ́ kéèkì igi títí dòní. Ilé yẹn kan náà ni àwókù rẹ̀ ṣẹ́ kù lẹ́yìn bọ́ǹbù ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹjọ 1945, òun sì ni gbogbo ayé mọ̀ sí Òrùlé Bọ́ǹbù Átọ́míìkì.

Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1920, Juchheim kò padà sílé. Ó ṣiṣẹ́ ní ilé kọfí kan ní Ginza, Tokyo, Elise sì wá bá a. Ní 1922, wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù tiwọn ní Yokohama. Ọdún kan ṣoṣo ni wọ́n jẹ níbẹ̀: ilẹ̀ ríri ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án 1923 fọ́ Yokohama túútúú, ṣọ́ọ̀bù náà sì bá a lọ. Wọ́n kó lọ sí Kobe, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni orúkọ wọn sì ti mú. Ogun kejì tún dé. Ó pa ọmọkùnrin wọn. Juchheim fúnra rẹ̀ kú ní òkè Rokko, lórí Kobe, ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹjọ 1945. Ọjọ́ kejì ni ọba Japan kéde pé àwọn ti túúbá.

Ní 1947, wọ́n dá Elise padà sí Jámánì. Ká ní ibẹ̀ ni ìtàn parí sí, kò ní ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Japan tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀ kó ara wọn jọ, wọ́n tún ṣọ́ọ̀bù náà dá sílẹ̀, wọ́n sì ní kí ìyá padà wá. Ó padà ní 1953, ó sì wà nínú iṣẹ́ náà ní Japan títí ó fi kú ní 1971. Nínú gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa kéèkì yìí, ìwà àwọn ọmọṣẹ́ wọ̀nyẹn ni mo kà sí jù.

Àwọn ará Japan ló wá fún òrùka náà ní ìtumọ̀ tí ó ń jẹ́ lónìí. Lójú wọn, igi tí òrùka inú rẹ̀ pọ̀ ti pẹ́ láyé, nítorí náà wọ́n ń fi kéèkì yìí tọrọ ẹ̀mí gígùn àti ìbísí fún tọkọtaya. Ní ibi ìgbéyàwó, ó wà lára ẹ̀bùn tí àlejò ń gbé lọ sílé, bí a ṣe ń pín abọ́ àti táwẹ̀lì tí wọ́n tẹ orúkọ ìyàwó àti ọkọ sí níbi òwàmbẹ̀ tiwa. Àyàfi pé tiwọn ṣeé jẹ, èyí tí mo gbà pé ó sàn ju abọ́ kẹwàá nínú kọ́bọ́ọ̀dù lọ.

Gígé rẹ̀ náà ti yí padà. Ní Salzwedel, ògbólógbòó olùtajà á máa fi ọ̀bẹ bẹ́ ẹ ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láti ẹ̀gbẹ́, bí ẹni ń bó o. Ní Japan, wọ́n máa ń tà á ní òrùka odidi, ara rẹ̀ sì lè jọ̀lọ̀ láìní gbágungbàgun kankan. Àwọn kan ń fi tíì aláwọ̀ ewé pò ó, àwọn mìíràn sì ti rí iṣẹ́ fún ihò àárín, kọ́sítáàdì ni wọ́n ń dà sí i.