Atalẹ̀, ẹran àgùntàn àti òtútù inú: ibi tí àgbo àwọn ará Ṣáínà ti ṣẹ̀

Ẹbí Zhang Zhongjing, oníṣègùn ará Ṣáínà kan, lé ní 200 ènìyàn. Láti ọdún 196 tí sáà Jian'an bẹ̀rẹ̀, kò tíì pé ọdún mẹ́wàá tí àjàkálẹ̀ àrùn fi kó ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn lọ, méje nínú mẹ́wàá àwọn tó kú ló sì jẹ́ pé ọṣẹ́ òtútù ni. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sí ìbẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ̀. Ọmọ Nanyang ni, ní agbègbè Henan òde òní, ìjọba Han sì ti ń tú ká nígbà náà. Inú ọ̀fọ̀ yìí ni àgbo inú rírun tí àwọn ará Ṣáínà ń lò títí dòní ti jáde.

Òtútù tí wọ́n ń wí yìí kì í ṣe ti ojú ọjọ́ nìkan. Bí ooru bá ń rọ ìrora náà, tí omi tútù ń mú un le sí i, tí ìgbẹ́ ń ṣàn, tí òùngbẹ ò sì gbẹ aláìsàn, wọ́n á ní òtútù ti wọ àárín ikùn. Àwọn ìyá wa tó ń gún atalẹ̀ fún ẹni tí inú ń run kò ní bá wọn jiyàn.

Ohun tó wù mí jù nínú iṣẹ́ Zhang ni bí àgbo kan ṣe ń bí òmíràn. Ó ní ọ̀kan tó ń jẹ́ Guizhi, fún òtútù tó ṣì wà lára, tí kò tíì wọnú: ẹ̀ka igi cinnamon, gbòǹgbò peony, atalẹ̀ tútù, gbòǹgbò dídùn licorice àti èso jujube 12. Ìwọ̀n cinnamon àti peony dọ́gba, liang 3 àti 3 (liang jẹ́ òṣùwọ̀n ìwúwo ti Ṣáínà àtijọ́). Nígbà tí ó kan inú tó ń fún pọ̀, ó sọ peony di 6, ó sì da sheng kan (òṣùwọ̀n ohun olómi) omi dídùn tí wọ́n ń sè láti inú ọkà tó hù sí i. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àgbo ara ti di àgbo inú, wọ́n ń pè é ní Xiao Jianzhong, ìyẹn “kékeré tó ń tún àárín kọ́”.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Da Jianzhong, le ju ìyẹn lọ. Atalẹ̀ gbígbẹ, ata Sichuan tí ń mú ahọ́n kú tipiri, ginseng àti omi dídùn ọkà yẹn náà ló wà nínú rẹ̀. Aláìsàn tí wọ́n ṣe é fún ń bì, kò lè jẹun, awọ ikùn rẹ̀ ń wú sókè bí ẹni pé nǹkan tó ní orí àti ẹsẹ̀ ń rìn lábẹ́ rẹ̀, kò sì jẹ́ kí ọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá ti rí ìfun tó dí rí mọ̀ pé kì í ṣe àsọdùn. Lẹ́yìn tí ó bá mu ún, kí ó dúró fún ìwọ̀n àsìkò tí a fi ń se oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan, kí ó mu ẹ̀kọ ìrẹsì gbígbóná; ẹ̀kọ náà ni yóò máa jẹ ní gbogbo ọjọ́ yẹn, kí wọ́n sì da aṣọ bò ó. Lójú tèmi, ẹ̀kọ àti aṣọ yìí wà lára oògùn náà.

Ti ẹran àgùntàn ńkọ́? Ọbẹ̀ ni, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: ẹran jin kan (ìyẹn liang 16), atalẹ̀ tútù liang 5, gbòǹgbò danggui liang 3. Ìyá ọmọ tuntun tí inú ń run wà lára àwọn tí ó kọ ọ́ fún.

Gbogbo èyí fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣègbé. Ogun tú ìwé náà ká; Wang Shuhe, oníṣègùn ààfin, ló ṣa apá tó sọ̀rọ̀ àrùn òtútù jọ ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹta, apá yìí ni ìjọba Song sì tẹ̀ jáde ní 1065. Ṣùgbọ́n Da Jianzhong àti ọbẹ̀ àgùntàn kò sí níbẹ̀. Apá tí wọ́n wà kò fara hàn àfi nígbà tí Wang Zhu, ọ̀mọ̀wé ìgbà Song, ń tú ìwé nínú ibi ìkówèésí ààfin, tó rí ìdì mẹ́ta tí kòkòrò ti jẹ. Àwọn olóòtú Song kó àgbo kọ̀ọ̀kan sábẹ́ àìsàn tirẹ̀, ìwé náà sì di Jingui Yaolue. Ní 1076 ìjọba kan náà ṣí ilé oògùn tirẹ̀ sí Kaifeng, olú ìlú rẹ̀, wọ́n sì ń ta oògùn oníhóró níbẹ̀. Ọ̀kan nínú èyí tí ìwé ilé oògùn náà kọ sílẹ̀ ní fuzi nínú, ìyẹn gbòǹgbò olóró tí a kò gbọ́dọ̀ lò láìṣe pé wọ́n ti sè é pẹ́ kí oró rẹ̀ lè rọ̀.

Japan ni Da Jianzhong ti wá rí ilé kejì. Daikenchuto ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, ata sansho tiwọn ló sì rọ́pò ti Sichuan. Láti 1976 ni owó ìbánigbófò ìlera ìjọba ti ń san owó ọ̀pọ̀ irú oògùn bẹ́ẹ̀, àwọn dókítà iṣẹ́ abẹ sì ń fún aláìsàn tí ìfun rẹ̀ kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ní daikenchuto. Ìyẹ̀fun inú ọ̀rá ni báyìí, gíráàmù 15 lóòjọ́, ṣáájú oúnjẹ tàbí láàárín oúnjẹ méjì. Ẹ̀kọ ìrẹsì kò sí nínú ìlànà rẹ̀ mọ́.