Ṣé Ọmọ Tí Orí Rẹ̀ Kò Gba Ìwé Nìkan Ni Iṣẹ́ Ọwọ́ Wà Fún?

Ní Ìlọrin, bí ọmọ bá fìdí rẹmi nínú ìṣirò lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀rọ̀ tó sábà máa ń jáde nínú agbo ilé ni pé, "Ẹ jẹ́ ó lọ kọ́ṣẹ́, orí ẹ̀ ò gbàwé." Ìgbàgbọ́ tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà ni pé ìwé àti iṣẹ́ ọwọ́ kò lè gbé inú ọmọ kan ṣoṣo, àti pé ṣọ́ọ̀bù ni ibi tí à ń kó ẹni tí ilé ìwé kọ̀ sí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ tálákà ni èrò yìí sì ń pa lára jù, nítorí bí ọmọ olówó bá fìdí rẹmi, tíṣà ni wọ́n ń gbà fún un nílé.

Ẹ wo ọ̀dọ̀ aránṣọ. Wọ́n ta tépù yí àyà oníbàárà ká, ó jẹ́ ìnṣì 38. Ọmọ iṣẹ́ ní láti pín 38 sí ọ̀nà mẹ́rin, kí ó mọ̀ pé mẹ́sàn-án àti ààbọ̀ ni, kí ó fi àyè ìmí àti ti ìránpọ̀ lé e, kí ó tó mú ṣọ́ọ̀kì fa ìlà. Bí ó bá ṣì í, aṣọ aláṣọ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ìṣirò tí wọ́n torí ẹ̀ yọ ọ́ nílé ìwé náà ló tún bá pàdé. Bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́dọ̀ mẹkáníìkì: ẹ̀rọ tí wọ́n ń kì bọ ọkọ̀ láti yẹ àìsàn rẹ̀ wò lè kọ P0301 jáde, èyí tó túmọ̀ sí pé iná kò jó bó ṣe yẹ nínú sílíńdà kìíní. Ọmọ tí kò lè kà á yóò kàn máa tú pọ́lọ́ọ̀gì kiri ni.

Ó yà mí lẹ́nu pé ìlú wa ló ń gba irú èyí gbọ́. Nígbà kan, àwọn àgbà Ìlọrin bẹ̀rù pé ìwé òyìnbó yóò gba ọmọ lọ́wọ́ kéú, kí àwọn aáfà bíi Sheikh Kamaldeen Al-Adaby tó fi hàn pé méjèèjì lè jọ rìn. Lónìí, ọmọ ń lọ ilé ìwé láàárọ̀, ó ń lọ ilé kéú ní ìrọ̀lẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì sọ pé orí rẹ̀ yóò dàrú.

Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ (UBE) tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2004 pàápàá sọ pé dandan ni kí ọmọ ka ọdún mẹ́sàn-án, láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé ìparí JSS 3, nítorí náà, ẹni tó yọ ọmọ ní kíláàsì karùn-ún ti rú òfin. Ẹni tó bá sì gba ilé ìwé ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti ìjọba kọjá lè jókòó fún ìdánwò NABTEB, ìyẹn ìdánwò àṣejáde fún àwọn tó kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ nílé ìwé, kí ó sì fi ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wọ pólì.

Lójú tèmi, owó ló ń dí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí lọ́wọ́, kì í ṣe ọpọlọ: owó ìkọ́ṣẹ́, owó fírídọ̀ọ̀mù, owó ẹ̀rọ ìránṣọ tí wọn yóò fi dá dúró. Àkókò tún wà níbẹ̀, nítorí ọ̀gá a máa fẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ wà ní ṣọ́ọ̀bù látàárọ̀ di alẹ́. Kí òbí tó buwọ́ lu ìwé àdéhùn, kí ó bá ọ̀gá sọ ọ́ pé lọ́jọ́ méjì láàárín ọ̀sẹ̀, ọmọ yóò kúrò ní aago mẹ́rin lọ sí lẹ́sìnnì, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé náà.